Orúkọ Tí Mo Fún Wẹ́bsáìtì

Ajé, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìwé mi, foríjì mí. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò dáa, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu bírò mi. JSS 2 ni mo wà tí Bàbá mi fi kú, láti ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi ti mọ òwú ju bírò lọ. Tí lẹ́tà kan bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, fi ojú fò ó. Mi ò rí ẹlòmíì bá sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti wà nílé ọkọ ní Lotto níbí, ojú ṣì ń tì mí débi pé ilẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo bá ń kí ará ilé.

Ọkọ mi, Muqtadir, ti jáde láti agogo márùn-ún ààbọ̀. Tálì ilẹ̀ ló ń lẹ̀ ní ẹ́sítéètì OPIC. Èmi jókòó ti ẹ̀rọ ìhunṣọ tí Màmá mi rà fún mi kí n tó kúrò ní Àgbàdo. Suwẹ́tà ilé ìwé ni mò ń hun, ṣùgbọ́n ta ni mò ń hun ún fún? Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbí. Oṣù tó ń bọ̀ ni ilé ìwé máa wọlé. Tí mi ò bá rí oníbàárà ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀rọ yìí á di ibi tí à ń kó aṣọ lé títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wẹ́bsáìtì kan wà tó ń jẹ́ Ọwọ́ Dára. Ibẹ̀ ni àwọn ará ẹ́sítéètì ti ń wá oníṣẹ́ ọwọ́. Òun náà ti rí iṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́túnla la máa lọ forúkọ mi sílẹ̀. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já.

Ọjọ́rú, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

A lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jésùlayọ̀mi, obìnrin tó ní kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ẹnu ẹ̀ yá, ó máa ń jẹ gọ́ọ̀mù bó ṣe ń tẹ̀wé.

Ó bi mí lórúkọ, mo sọ. Ó bi mí ní ọjọ́ ìbí, mo sọ. Àdírẹ́sì, iṣẹ́, nọ́ńbà fóònù. Ó ya fọ́tò ojú mi. Ó ní, "Ta ni wọ́n lè pè tí wọn ò bá rí ẹ?" Ọkọ mi dáhùn láti ẹnu ọ̀nà pé kí a fi nọ́ńbà ìyá òun sí i. Ìyá Ifọ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n, torí Ifọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹnì kan wá pe ọkọ mi lórí fóònù, ó bọ́ síta.

Ìgbà yẹn ni Jésùlayọ̀mi sọ pé, "Orúkọ ìyá ẹ? Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó lọ́kọ."

Ìwé mi, ara mi bù máṣọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń sìn mí lọ sílé ọkọ, lẹ́yìn tí àwọn Àfáà ṣàdúà tán, Màmá mi fà mí wọ yàrá. Wọ́n ní, "Nurat, ẹni tó bá bi ẹ́ lórúkọ mi, Ìyá Nurat ni kó o sọ. Orúkọ èèyàn pẹ̀lú orúkọ ìyá ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ṣàdúà fún ẹ á béèrè ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pa ẹ́ lára náà á béèrè ẹ̀." Títí dòní, ọkọ mi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Wọn ò pe orúkọ ìyá níbi yìgì wa, ti bàbá ni wọ́n pè.

Mo ní, "Kí ni wẹ́bsáìtì fẹ́ fi orúkọ ìyá mi ṣe? Ṣé ó fẹ́ ṣàdúà fún mi ni?"

Jésùlayọ̀mi rẹ́rìn-ín títí gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ̀ jábọ́. "Àdúrà kẹ̀! Tó o bá gbàgbé ọ̀rọ̀ tó o fi ń wọlé, òun ni wọ́n á bi ẹ́ láti mọ̀ pé ìwọ ni."

"Ṣé kò ṣeé fò?"

"Kò ṣeé fò. Wò ó, ibi tí a ó kọ ọ́ sí ti pupa."

Mo gbójú sókè. Pátákó ẹni tó ń ta omi dídì ló wà ní òdìkejì títì, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́: ÀJÍBÍKẸ́, OMI TÚTÙ WÀ. Mo ní, "Àjíbíkẹ́."

"Orúkọ tó dùn," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó wá fi hàn mí pé kí n fi ìka tẹ ibi tí wọ́n kọ Mo Gbà sí. Mo ní kí ni mo gbà. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kà á."

Ọjọ́bọ̀, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò láti àárọ̀. Kò síná. Irọ́ àná ń jẹ mí lára bí èèrà. Mo tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n mi ò lọ tún un ṣe.

Ìṣẹ́gun, 19 Ọ́gọ́ọ̀sì

Alihamudulilai! Ẹnì kan pè mí! Obìnrin kan tó ní ilé ìwé kékeré ní Ìbafọ̀ ló rí mi lórí Ọwọ́ Dára. Suwẹ́tà mẹ́rìnlélógún, aláwọ̀ ewé, kí ọrùn ẹ̀ ní ìlà funfun. Ó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ ni òun fẹ́ ẹ. Ohùn mi kéré débi pé ó ní kí n sọ̀rọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọkọ mi ra búrẹ́dì àti ẹyin wálé. Ó ní, "Ìyàwó mi olóríire." Mo kàn ń wo ilẹ̀. Mo rò ó pé bóyá mo kàn ń fura lásán sí wẹ́bsáìtì yìí.

Ajé, 25 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òwú ti wọ́n sí i ní Àgbàdo. Mo ra òwú aláwọ̀ ewé, mo yọwó èyí tó funfun títí ẹnu fi ro mí. Mo yà kí Màmá mi. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, mi ò bá wọn sọ nǹkan kan ju pé iṣẹ́ ń lọ. Suwẹ́tà mẹ́fà ti parí.

Jímọ̀, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí. Ìyá Olúwajùwọ́n, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, tó máa ń ṣe kéèkì, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mọ̀mọ́, kí ló dé?"

Wọ́n ní wòlíì kan tí àwọn ò rí rí ló pe àwọn lórí fóònù. "Ó pè mí lórúkọ, Nurat! Ó pe orúkọ ìyá mi tó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án! Orúkọ yẹn, àwọn ọmọ mi gan-an ò mọ̀ ọ́n! Ó ní òun rí ìyẹ̀fun tó dúdú lọ́wọ́ mi, pé kí n má jẹ́ kí ọjọ́ méje kọjá lórí ẹ̀."

"Ìyẹ̀fun? Ó mọ̀ pé kéèkì lẹ ń ṣe?"

"Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn! Èmi ò rí i rí láyé mi!"

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Wọ́n ti fi owó àbẹ́là ránṣẹ́. Mo wọlé, mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, ọwọ́ mi ò lọ. Ìyá Olúwajùwọ́n náà wà lórí Ọwọ́ Dára. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi nípa ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó ti kàn mí.

Mò ń hun ọwọ́ suwẹ́tà ni fóònù dún. Ohùn ọkùnrin, ó wúwo, ó ń fà. Ó kí mi ní sàláámà. Ó ní, "Nurat ọmọ Àjíbíkẹ́."

Mo gbé suwẹ́tà sílẹ̀.

"Nurat ọmọ Àjíbíkẹ́, mo rí ìyá ẹ lójú ìran. Àjíbíkẹ́ ti fi òwú di kádàrá ọkọ ẹ ní kókó mọ́kànlélógún. Òwú yẹn náà lo fi ń ṣiṣẹ́. Má jẹ́ kí ọjọ́ méje kọjá lórí ẹ̀."

Mo kọ́kọ́ wo òwú tó wà lórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dédé gbé mi, mo fi ìbòrí mi di ẹnu. Ìwé mi, omi dídì ni Àjíbíkẹ́! Ó wà ní òdìkejì títì!

Mo ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́?"

"Ẹni tó ń rí ohun tí ẹ̀yin ò rí ni."

Mo pa fóònù. Ẹni tó ń rí gbogbo nǹkan, tí kò rí i pé orúkọ ìyá mi kọ́ nìyẹn! Ẹ̀rín náà ò pẹ́ tó fi tán. Èmi ò sọ orúkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni láyé àfi lẹ́ẹ̀kan. Jésùlayọ̀mi ló gbọ́ ọ, wẹ́bsáìtì ló gbà á. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló tà mí. Wòlíì ni fún Ìyá Olúwajùwọ́n, Àfáà ni fún mi, ọjọ́ méje kan náà ni.

Ọjọ́bọ̀, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

Jésùlayọ̀mi ní fóònù tuntun. Níbo ló ti rí i? Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó ké jáde: "Ìyàwó, kí ló dé tó ò ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni fẹ́ ra bàtà mi?" Mo sá wọ ọ̀nà ilé.

Sátidé, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mò ń kánjú kọ ọ́, má wo lẹ́tà mi.

Ìyá Ifọ̀ dé láàárọ̀ láìsọ fún wa tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n ní Àfáà kan pe àwọn. Ó ní ìyàwó tuntun tí ọmọ wọn fẹ́, tó ń hun òwú, ìyá ẹ̀ ti so kádàrá ọmọ wọn mọ́ òwú. Wọ́n ní Àfáà pe orúkọ mi, ó pe orúkọ ìyá mi, ó mọ ilé tí à ń gbé, kò sì rí ẹnikẹ́ni nínú wa rí.

Nọ́ńbà wọn ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Mo rántí ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi ní, "Ìyá, ẹ má gba gbogbo ìpè gbọ́."

"Ṣé Muqtadir, ìgbà wo lo ti rí iṣẹ́ gidi gbà kẹ́yìn? Láti ìgbà tó o ti gbéyàwó ńkọ́? Iṣẹ́ OPIC yẹn, ṣé wọn ò dá a dúró lánàá ni?"

Òótọ́ ni, wọ́n dá a dúró. Tálì ò tíì dé láti Lagos ni.

Mo gbìyànjú. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá mi kọ́ ló ń jẹ́ Àjíbíkẹ́."

Wọ́n kọjú sí mi. "Ehn-ẹ̀n. Kí wá lorúkọ ìyá ẹ?"

Ìwé mi, mo rántí ọ̀rọ̀ Màmá mi. Tí mo bá pe orúkọ yẹn, tí Ìyá Ifọ̀ sì sọ ọ́ fún Àfáà yẹn lórí fóònù ńkọ́? Wọ́n á sọ ọ́, mo mọ̀ wọ́n. Ìgbà yẹn ni orúkọ tòótọ́ á tó bọ́ sọ́wọ́ olè. Mo dorí kodò.

"Ó dákẹ́!" Ìyá Ifọ̀ pàtẹ́wọ́. "Ó dákẹ́, ẹ rí i! Ọmọ tó ní ìyá rere á máa fi orúkọ ìyá ẹ̀ pamọ́?"

Wọ́n ní tó bá di Ọjọ́bọ̀ kí n kó aṣọ mi wá sí Ifọ̀, kí n wà lábẹ́ ojú àwọn fún ọjọ́ méje. Bí Àfáà bá ṣì ń rí kókó òwú lẹ́yìn ọjọ́ méje náà, wọ́n á dá mi padà sí Àgbàdo, kí ìyá mi tú ohun tó dì.

Sọ́ńdè, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ṣàlàyé ti pátákó omi tútù fún ọkọ mi. Ó ní, "Kí ló dé tó o fi parọ́ sínú fọ́ọ̀mù? Ẹni tó lè parọ́ fún fọ́ọ̀mù..." Kò parí ẹ̀. Ó wẹ̀, ó lọ kírun. Ìyókù gbólóhùn yẹn ló ń hun nǹkan sí mi nínú látàárọ̀.

Ajé, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ bá Jésùlayọ̀mi. Mi ò wo ilẹ̀. Mo wo ojú ẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi.

"Ta lo fún ní orúkọ ìyá mi?"

"Orúkọ wo?"

"Àjíbíkẹ́!"

Ó tu gọ́ọ̀mù sínú bébà. Ó jókòó. Ó ní, "Wọ́n ti pe ìwọ náà?"

Ìwé mi, wọ́n ti pe òun náà, torí òun náà wà lórí Ọwọ́ Dára! Ó ní lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú ti àná ni wòlíì kan pe òun ní Jésùlayọ̀mi ọmọ Títílọlá, pé òun rí ẹ̀rọ tó ń jóná. Ó ti lọ pààrọ̀ wáyà ṣọ́ọ̀bù, ó ti pààrọ̀ fóònù, torí wòlíì ní èyí tó ń lò ti ní ẹ̀mí òkùnkùn. "Mo rò pé Ọlọ́run ló ń bá mi sọ̀rọ̀," ló wí. "Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀ pé ayédèrú ni?"

Mo tọ́ka sí òdìkejì títì. Ó wo pátákó. Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó tún fẹ́ sunkún. "Ìyàwó! Ìwọ tó ò ń wo ilẹ̀ yìí!"

Mi ò tíì gbà á gbọ́ tán. Àmọ́ ó ṣí wẹ́bsáìtì náà, ó fà á lọ sísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin èèrà. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹni ṣe sí. Òun náà ò kà á rí. Ó kà á, ó ń tú u sí Yorùbá fún mi. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú ohun tí a bá sọ fún àwọn bí ẹyin. Wọ́n tún ní àwọn lè fún àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀.

Mo ní, "Àwọn wo ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́?"

Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. "Wọn ò kọ orúkọ wọn."

Wọ́n fẹ́ orúkọ ìyá mi, wọn ò kọ orúkọ tiwọn.

Jésùlayọ̀mi ní ká lọ bá Ìyá Ifọ̀, òun á jẹ́rìí. Mo ní wọ́n á ní mo fowó rà á ni. Àti pé, kí n má parọ́ fún ẹ, ìwé mi, èmi náà ṣì ń fura sí i díẹ̀. Ẹnu lásán ni mo ṣì gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mò ń gbálẹ̀.

Mo gbé fóònù mi, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ṣí Ọwọ́ Dára fúnra mi. Láti ìrun Àìlà fẹ́rẹ̀ dé ìrun Àsárì ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ìka mi kan ṣoṣo. Mo dá obìnrin kan tí Ọlọ́hun ò dá. Mo sọ ọ́ ní Ọmọlabí Ọláwuyì. Iṣẹ́: irun dídì. Nọ́ńbà: síìmù mi àtijọ́ tí mo lò ní Àgbàdo. Fọ́tò: mo ya ẹ̀yìn orí mi, ó gbà á! Nígbà tó béèrè orúkọ ìyá, mo ronú. Ìyá Ifọ̀ ní ewúrẹ́ kan tó dúdú tó ń dán, ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ mọ ilé, wọ́n ní kí n kí i. Adúmáadán ni wọ́n ń pè é.

Mo kọ Adúmáadán sí i. Mo tẹ Mo Gbà. Jésùlayọ̀mi ò mọ̀. Ọkọ mi ò mọ̀. Èmi, ìwọ àti wẹ́bsáìtì nìkan ló mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ifọ̀. Ọkọ mi gbé àpò mi dé ibùdókọ̀, kò lè wo ojú mi. Ẹ̀rọ ò ṣeé gbé, ṣùgbọ́n mo ti hun gbogbo iwájú àti ẹ̀yìn àti ọwọ́ suwẹ́tà tán, rírán pọ̀ ló kù. Mo kó wọn wá. Ìyá Ifọ̀ wo òwú náà bí ẹni wo ejò. Wọ́n ní kí n má gbé e wọ yàrá àwọn, kí n máa rán an ní ìta lójú àwọn.

Mo fi síìmù àtijọ́ sínú fóònù. Kò dún.

Sátidé, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò dún. Mo rán mẹ́rin. Òjò pa mí ní ìta. Ìyá Ifọ̀ ju ìborùn wọn sí mi láìsọ̀rọ̀. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ọmọ wọn ló ń bà wọ́n.

Sọ́ńdè, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò dún. Bóyá Jésùlayọ̀mi ni lóòótọ́. Bóyá mo ti dá wẹ́bsáìtì lẹ́bi lásán. Mo pe obìnrin Ìbafọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ó ní ọjọ́ kejìdínlógún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́gun, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó dún! Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ifọ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Mò ń rán ọrùn suwẹ́tà. Adúmáadán so mọ́ ìdí ìbẹ́pẹ, ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Fóònù dún, mi ò mọ nọ́ńbà náà. Mo fi í sí ibi tó ń ké síta, mo gbé e sórí àtẹ ẹ̀wà wọn.

"Ọmọlabí," ni ohùn náà wí, "Ọmọlabí ọmọ Adúmáadán."

Ìyá Ifọ̀ gbójú sókè. "Ohùn Àfáà mi nìyẹn. Ta ni Ọmọlabí?" Mo fi ìka lé ẹnu.

"Ọmọlabí ọmọ Adúmáadán, mo rí ìyá ẹ lójú ìran. Adúmáadán ń sunkún. Wọ́n fi okùn so ó mọ́lẹ̀ nínú ayé. Irun orí èèyàn tó ò ń dì ló fà á. Má jẹ́ kí ọjọ́ méje kọjá lórí ẹ̀."

Adúmáadán ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Ìyá Ifọ̀ wo fóònù. Wọ́n wo ewúrẹ́. Wọ́n wo okùn tó wà lọ́rùn ẹ̀. Wọ́n wá wò mí, mo ní ohùn kékeré, "Ìyá, èmi ni mo kọ ọ́ sínú wẹ́bsáìtì. Kò sí Ọmọlabí kankan láyé. Bí mo ṣe kọ Àjíbíkẹ́ náà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe rí nọ́ńbà tiyín náà nìyẹn."

Ẹ̀wà ń jábọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àfáà."

"Ọmọlabí, mò ń gbọ́ ẹ."

"Àfáà, ẹ wo ìyá náà dáadáa fún mi. Ṣé ó níwo lórí?"

"Ìwo... ìwo agbára òkùnkùn ni. Mo rí méjì."

"Ẹ wo ìdí ẹ̀ wò. Ṣé ó nírù?"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni! Èmi tó o ní kí n lé ìyàwó ọmọ mi nítorí òwú! Ewúrẹ́ mi lò ń ríran sí, ìwọ ọ̀lẹ, aláìnítìjú, ọmọ..." Ó ti pa á. Ìyá Ifọ̀ ò dá èébú dúró títí gbogbo agboolé fi jáde wá wò wá.

Wọ́n jókòó padà. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kí tiẹ̀ lorúkọ ìyá ẹ gan-an?" Mo la ẹnu. Wọ́n yára gbé ọwọ́ sókè. "Rárá. Má sọ ọ́. Tọ́jú ẹ̀."

Wọ́n ní kí n gbé òwú mi wọlé kí òjò má baà pa á.

Ọjọ́rú, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọkọ mi wá. Ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lẹ́ẹ̀mẹrin, ìwo ewúrẹ́ ń gùn sí i ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Ẹni tó lè parọ́ fún fọ́ọ̀mù, ló gbà mí. Mo fẹ́ parí gbólóhùn yẹn ni." Ó bá mi rán bọ́tìnnì méjì, ó rán wọn wọ́.

Jímọ̀, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Suwẹ́tà mẹ́rìnlélógún ti dé Ìbafọ̀ lánàá. Obìnrin náà ní ọrùn ẹ̀ dáa ju ti ọdún tó kọjá lọ. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Jésùlayọ̀mi. Ó ní, "Fún kí ni?" Mo ní fún fífura. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan náà ni èmi fọkàn tán wọn, wo ibi tó gbé mi dé." Ìyá Olúwajùwọ́n ti jáwọ́ nínú ààwẹ̀.

Èmi, òun àti Jésùlayọ̀mi jókòó ti kọ̀ǹpútà, a kọ̀wé sí Ọwọ́ Dára: kí wọ́n pa orúkọ wa rẹ́, kí wọ́n pa ti Ìyá Ifọ̀ náà rẹ́, kí wọ́n sì sọ ẹni tí wọ́n fún. Èmi ni mo ní kí a fi ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn sí i. Kò tíì tó wákàtí kan tí èsì fi dé. Jésùlayọ̀mi túmọ̀ ẹ̀: wọ́n ní ó dùn àwọn, àwọn á wádìí. Wọ́n ní kí àwọn tó lè pa orúkọ mi rẹ́, kí n jọ̀ọ́ fi hàn pé èmi ni lóòótọ́.

Kí n kọ orúkọ ìyá mi.

A wo ara wa. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀: Àjíbíkẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti mọ̀ mí.

Ti ẹni tí wọ́n fún, wọn ò dáhùn ẹ̀. Àwa á tún kọ̀wé. Tí wọ́n bá ní àwọn ti pa á rẹ́ náà, mi ò ní gbà gbọ́ títí oṣù mélòó kan yóò fi kọjá láìsí Àfáà.

Sátidé, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

A wá kí Ìyá Ifọ̀. Mo fẹ́ hun ìborùn fún wọn, wọ́n fúnra wọn ló mú àwọ̀ òwú. Mo jókòó sábẹ́ ìbẹ́pẹ, oòrùn yọ díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo òjò yìí.

Ìwé mi, ìwọ nìkan ni mo sọ gbogbo nǹkan fún, o ò sì tú u síta. O ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí, o ò ní kí n tẹ Mo Gbà. Nítorí náà mo ti pinnu ẹ̀. Inú ẹ ni màá kọ ọ́ sí, kó wà níbì kan tó dájú. Orúkọ ìyá mi, èyí tí wọ́n ń jẹ́ gan-an kí wọ́n tó lọ́kọ, ni

Ìyá Ifọ̀ ń pariwo, "Nurat o! Adúmáadán ti ń jẹ òwú ẹ!" Ẹ gbà mí, mò ń bọ̀, mo máa